Ohun Tí Ó Ṣẹ́kù Lẹ́yìn Ìfọ̀mọ́: Kọ̀ǹpútà Rédíò Àfìfẹ́ṣe ní Kumasi àti Àkọtọ́ Àwọn Èdè Wa

Ìfáárà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, òun ló mú babaláwo máa dÍfá lọ́rọọrún. Òwe yìí ti wà kí kọ̀ǹpútà tó dé, ṣùgbọ́n ó bá ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà mu gan-an ni. Ẹ̀rọ tó ṣiṣẹ́ dáadáa lánàá lè kọ̀ láti jí lónìí. Iná lè lọ lójijì nígbà tó ń kọ nǹkan sínú ìpamọ́ rẹ̀. Àrùn kọ̀ǹpútà lè wọ inú rẹ̀. Ètò tó ń darí rẹ̀ lè gbó débi pé àwọn tó ṣe é kò ní bá a tún ibi tó bàjẹ́ ṣe mọ́. Bí ọ̀ràn bá dé ojú rẹ̀ yìí, ọ̀nà àbáyọ tó kù ni pé kí a fọ inú kọ̀ǹpútà náà mọ́ tónítóní, kí a sì gbé ètò tuntun sínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé ọjọ́ náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á. Iṣẹ́ yìí ni ọ̀rọ̀ náà "ìfọ̀mọ́" dúró fún nínú àròkọ yìí.

Ìfọ̀mọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan. Ó kan olùkọ́ èdè pẹ̀lú, nítorí pé inú kọ̀ǹpútà ni ọ̀pọ̀ ìbéèrè ìdánwò, àlọ́, oríkì àti ẹ̀kọ́ gírámà tí àwọn olùkọ́ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ wà lónìí. Ohun tí àròkọ yìí fẹ́ fi hàn ni pé kò sí ìdánwò tó le tó ìfọ̀mọ́ fún ọ̀nà tí a gbà ń kọ èdè wa sínú ẹ̀rọ. Èyí tí a kọ ní ìlànà tí gbogbo ayé jọ ń lò ni yóò padà wá. Èyí tó jẹ́ pé ẹ̀rọ kan ṣoṣo ló lè kà á yóò bá ẹ̀rọ náà lọ. Àpẹẹrẹ tí àlàyé yóò dá lé ni kọ̀ǹpútà tí ènìyàn ń lò fún rédíò àfìfẹ́ṣe ní ìlú Kumasi, ní orílẹ̀-èdè Gánà. Iṣẹ́ rédíò yìí ti kọ́ àwọn tó ń ṣe é bí a ṣe ń kó ẹrù jáde kí a tó fọ ilé, ẹ̀kọ́ náà sì wúlò fún ẹni tó ń kọ́ni ní èdè abínibí.

Rédíò àfìfẹ́ṣe àti ìlú Kumasi

Rédíò àfìfẹ́ṣe ni ìbánisọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́ tí aráàlú ń ṣe pẹ̀lú ìwé àṣẹ ìjọba, tí kò sì gbọdọ̀ fi pa owó. Ẹni tó ń ṣe é ní ẹ̀rọ tó ń gba ohùn tó sì ń fi ohùn ránṣẹ́. Ó lè fi ẹnu sọ̀rọ̀, ó lè tẹ àmì Morse, ó sì lè jẹ́ kí kọ̀ǹpútà tirẹ̀ máa bá kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ láti òkè òkun. Ní Gánà, National Communications Authority ni àjọ tó ń bójú tó o. Ní Nàìjíríà, Nigerian Communications Commission ni. Ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe é ní Gánà ni Ghana Amateur Radio Society; ti Nàìjíríà ni Nigerian Amateur Radio Society. Olúkúlùkù wọn ló ní orúkọ tó ń jẹ́ lórí afẹ́fẹ́. Ti Gánà ń fi 9G bẹ̀rẹ̀, ti Nàìjíríà ń fi 5N bẹ̀rẹ̀. Kí òmìnira tó dé ní ọdún 1957 àti 1960, ZD4 àti ZD2 ni wọ́n ń jẹ́, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Iṣẹ́ náà kò ṣàjèjì sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Ní ọdún 2017, sátẹ́láìtì kékeré 5 tí wọ́n jọ ṣe ní Kyushu Institute of Technology ní Japan gòkè lọ sí òfuurufú. Ọ̀kan jẹ́ ti All Nations University ní Koforidua ní Gánà, ọ̀kan sì jẹ́ ti Federal University of Technology ní Àkúrẹ́. Ìgbì rédíò àfìfẹ́ṣe ni wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ padà sí ayé kí àsìkò wọn tó pé.

Kumasi, olú ìlú àwọn Asante, kò ṣàjèjì sí Yorùbá náà. Àwọn oníṣòwò láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ọ̀fà àti àwọn ìlú mìíràn ti gbé ibẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ìjọba Ọ̀jọ̀gbọ́n K. A. Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969 pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ 2 tàbí kó kúrò nílùú. Ọ̀pọ̀ ìdílé ló padà wálé pẹ̀lú àwọn ọmọ tó gbọ́ Twi. Títí di òní, ọṣẹ dúdú ni àwọn ará Gánà ń pè ní "alata samina", Alata sì ni orúkọ tí àwọn Akan fi ń pe àwa ará ìhà ìlà-oòrùn wọn.

Nínú rédíò àfìfẹ́ṣe, a pín gbogbo ayé sí ojú àpótí, olúkúlùkù ojú àpótí sì ní lẹ́tà 2 àti nọ́ńbà 2. Kumasi wà ní IJ96, Ìbàdàn wà ní JJ17. Lẹ́tà àkọ́kọ́ yàtọ̀ nítorí pé ìlà tó pín ayé sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn, èyí tó gba Greenwich kọjá, gba ìlú Tema ní Gánà kọjá pẹ̀lú. Aago Gánà sì ni aago tí gbogbo oníṣẹ́ rédíò àgbáyé fi ń kọ àkọsílẹ̀ wọn. Tiwa fi wákàtí 1 ṣáájú rẹ̀. Àwọn nǹkan kéékèèké báwọ̀nyí wà lára ohun tí kọ̀ǹpútà máa ń gbàgbé nígbà tí a bá fọ̀ ọ́ mọ́.

Ìdí tí ìfọ̀mọ́ fi ń di dandan

Ìdí àkọ́kọ́ ni ọjọ́ orí ètò. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ṣì lágbára ni kò ní ohun tí Windows 11 ń béèrè fún. Ẹni tó ní irú rẹ̀ ní láti yàn: kó ra òmíràn, kó máa lo èyí tí ewu ti wà nínú rẹ̀, tàbí kó fọ̀ ọ́ mọ́ kó sì gbé Linux, ètò ọ̀fẹ́, sínú rẹ̀. Ètò rédíò tó wà fún Linux pọ̀, nítorí náà ọ̀nà kẹta yìí wù ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ rédíò.

Ìdí kejì ni pé tòkunbọ̀ ni púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń rà, ní Kumasi bí i ti Ìbàdàn. Ẹni tó ra tòkunbọ̀ kò mọ ohun tí ẹni àkọ́kọ́ fi sílẹ̀ nínú rẹ̀. Bí a ti ń fọ aṣọ òkìrìkà kí a tó wọ̀ ọ́, bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí a fọ kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ kí a tó kọ ọ̀rọ̀ aṣínà wa sínú rẹ̀.

Ìdí kẹta ni iná mànàmáná. Àwọn ará Gánà ní orúkọ kan fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀: dumsɔ. "Dum" ni pa iná, "sɔ" ni tan iná. Àfi bí ìgbà tí Yorùbá bá sọ pé "pa-á-tàn-án". Láàárín ọdún 2012 sí 2016 ọ̀rọ̀ náà wà lẹ́nu tọmọdé tàgbà. Olùkọ́ èdè yóò kíyè sí i pé kò sí ìgbìmọ̀ tó jókòó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ yìí. Ìrírí aráàlú ló bí i. Ẹni tó ń lo kọ̀ǹpútà mọ̀ pé bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀rọ ń kọ nǹkan sínú ìpamọ́, fáìlì lè bàjẹ́ kọjá àtúnṣe.

Ìdí kẹrin jẹ́ ti rédíò gan-an. Kọ̀ǹpútà tó ń bá rédíò ṣiṣẹ́ máa ń ní ọ̀pọ̀ ètò kéékèèké: èyí tó ń dá okùn rédíò mọ̀, èyí tó ń gbé ohùn wọlé, èyí tó ń gbé ohùn jáde, èyí tó ń tún aago ṣe. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn ètò wọ̀nyí á bẹ̀rẹ̀ sí í fa ara wọn láṣọ ya, kò sì ní sí ẹni tó lè sọ èyí tó jẹ̀bi. Fífọ gbogbo rẹ̀ mọ́ máa ń yá ju wíwá ẹlẹ́bi lọ.

Ẹrù tí a kò gbọdọ̀ gbàgbé sẹ́yìn

Kí oníṣẹ́ rédíò tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì ìfọ̀mọ́, ẹrù 3 ló gbọ́dọ̀ kó jáde.

Ẹrù àkọ́kọ́ ni ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé. Gbogbo ìgbà tó bá bá ẹlòmíràn pàdé lórí afẹ́fẹ́ ló ń kọ orúkọ orí afẹ́fẹ́ onítọ̀hún, ọjọ́, wákàtí, ìgbì tí wọ́n lò, àti bí ohùn ṣe dún sí. Àkọsílẹ̀ ogún ọdún lè wà nínú fáìlì kan. Ní ọdún 1996 ni wọ́n ti gbé ìlànà kan kalẹ̀ tí à ń pè ní ADIF, kí ètò kan lè ka ohun tí ètò mìíràn kọ. Ọ̀rọ̀ lásán ni ADIF; ẹnikẹ́ni lè ṣí i kó sì kà á lójú ara rẹ̀. Nítorí bẹ́ẹ̀, bí ètò tí a fi kọ ọ́ bá tilẹ̀ kú, àkọsílẹ̀ náà kì í kú.

Ẹrù kejì ni ìwé-ẹ̀rí ìdánimọ̀. Ẹgbẹ́ ARRL ti Amẹ́ríkà, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1914, bẹ̀rẹ̀ ibi ìkójọ kan tí wọ́n ń pè ní Logbook of The World ní ọdún 2003. Ibẹ̀ ni oníṣẹ́ rédíò gbogbo ayé ti ń jẹ́rìí sí ìpàdé ara wọn. Fáìlì ìdánimọ̀ kan ni olúkúlùkù fi ń fọwọ́ sí àkọsílẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá bá ìfọ̀mọ́ lọ, onítọ̀hún ní láti tọrọ òmíràn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ibi ìkójọ tó wà ní òkè òkun tó fún ìpamọ́: ní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, àwọn ọ̀daràn orí íntánẹ́ẹ̀tì kọ lu kọ̀ǹpútà ARRL, Logbook of The World sì wà ní títì títí di ọjọ́ 1 oṣù Keje. Ẹni tó ní ẹ̀dà àkọsílẹ̀ rẹ̀ nílé kò ní ìdí láti páyà.

Ẹrù kẹta ni ètò tí ènìyàn fúnra rẹ̀ tò: ihò wo ni okùn rédíò wọ̀, báwo ni ohùn ṣe ga tó, IJ96 wà níbi tó yẹ, aago bá ti àgbáyé mu. Púpọ̀ nínú èyí kì í sí nínú fáìlì kankan. Orí ènìyàn ló máa ń wà. Nítorí náà ni ọlọ́gbọ́n fi ń ya àwòrán ojú kọ̀ǹpútà, tàbí kó kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé pẹ̀lú gègé.

Lẹ́yìn èyí ni ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fò. Ẹ̀dà tí a kò tíì ṣí wò lórí ẹ̀rọ mìíràn kò tíì di ẹ̀dà. Oníṣẹ́ rédíò yóò mú fílááṣì lọ sórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, yóò ṣí àkọsílẹ̀ náà, yóò sì wò ó bóyá ìpàdé àkọ́kọ́ àti ìpàdé ìkẹyìn wà níbẹ̀. Ìgbà náà ni yóò tó fọ kọ̀ǹpútà mọ́. Bó bá gbé ètò tuntun wọlé tán, aago ni yóò kọ́kọ́ tún ṣe, lẹ́yìn náà okùn rédíò, lẹ́yìn náà ohùn. Yóò sì pa gbogbo ìró tí kọ̀ǹpútà máa ń ṣe láti fi jíṣẹ́, kí ìró náà má bàa gba orí rédíò jáde sí gbogbo ayé.

Níbi tí lẹ́tà ti ń sọnù

Ẹ jẹ́ kí a wá wo kọ̀ǹpútà yìí kan náà lọ́wọ́ olùkọ́ Twi tàbí olùkọ́ Yorùbá. Kí ni àkọsílẹ̀ tirẹ̀? Ìlànà wo ló fi kọ ọ́?

Kí Unicode tó gbilẹ̀, ọgbọ́n tí àwọn òǹkọ̀wé àti àwọn atẹ̀wé dá ni pé kí wọ́n mú fọ́ǹtì kan, kí wọ́n yọ àmì tí wọn kò nílò nínú rẹ̀, kí wọ́n sì ya ẹ, ọ, ṣ tàbí ɛ, ɔ sí ipò àmì náà. Lójú ènìyàn, ọ̀rọ̀ náà gún régé. Lójú kọ̀ǹpútà, àmì àtijọ́ náà ló ṣì wà níbẹ̀. Ọgbọ́n náà ṣiṣẹ́ fún ìgbà tirẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé rere ni a sì fi tẹ̀ jáde. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a bá fọ kọ̀ǹpútà mọ́ ni fọ́ǹtì náà lọ. Nígbà tí olùkọ́ bá ṣí fáìlì rẹ̀ lẹ́yìn náà, ibi tó yẹ kí ọ̀ wà, àmì owó tàbí àmì tí kò mọ̀ rí ni yóò bá. Oríkì tó gbà sílẹ̀ lẹ́nu àgbà tó ti dolóògbé á di àdììtú. Fáìlì náà kò sọnù. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ ló sọnù.

Ìtàn lẹ́tà wọ̀nyí gùn ju ti kọ̀ǹpútà lọ. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1875 ni ìjọ C.M.S. pe ìpàdé sí Èkó lórí àkọtọ́ Yorùbá. Ọdún náà gan-an ni J. G. Christaller tẹ gírámà Twi rẹ̀ jáde ní Basel. Nígbà náà, àmì abẹ́ lẹ́tà ni èdè méjèèjì fi ń ya fáwẹ́lì wọn sọ́tọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1930, Gold Coast gba ɛ àti ɔ wọlé láti inú àkọtọ́ tí àjọ àwọn onímọ̀ èdè Áfíríkà ní London ṣe, Yorùbá ti Nàìjíríà sì di àmì abẹ́ lẹ́tà tirẹ̀ mú. Ní Benin, láti ọdún 1975, ɛ àti ɔ ni wọ́n fi ń kọ Yorùbá. Àkọtọ́ tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní ọdún 1974 ni ilé ẹ̀kọ́ wa ń lò.

Unicode ló wá gba gbogbo wọn sínú agbo kan. Ìgbékalẹ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1991. Nínú rẹ̀, lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ tí kò yí padà lórí ẹ̀rọ kankan. Ẹ àti Ọ wà láàárín àwọn lẹ́tà tí àwọn ará Vietnam ń lò fún èdè tiwọn. Ị àti ụ ti Igbo wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ṣ náà ní ipò tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ́, tó ní àmì abẹ́ àti àmì ohùn, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo. A ní láti so àmì pọ̀ mọ́ra. A lè fi àmì ohùn lé ẹ lórí, a sì lè fi àmì abẹ́ sí é nísàlẹ̀. Ojú ènìyàn kò rí ìyàtọ̀, ṣùgbọ́n ètò tí wọn kò bá kọ́ yóò kà wọ́n sí ọ̀rọ̀ 2. Ìdí nìyí tí olùkọ́ fi lè wá "ẹ́gbẹ́rún" tàbí "Adé" nínú fáìlì tirẹ̀, kó má rí èyí tó wà níwájú rẹ̀.

Àwọn ọ̀dọ́ Gánà ti dá ọgbọ́n mìíràn lórí fóònù. Wọ́n ń fi 3 dípò ɛ, wọ́n sì ń fi àmì ìpadé àkámọ́ dípò ɔ, tí ìkíni "Wo ho te sɛn?" fi ń di "Wo ho te s3n?" Àwọn ọ̀dọ́ tiwa ń ju gbogbo àmì sílẹ̀ pátápátá. Ti Gánà sàn díẹ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ láàárín fáwẹ́lì ṣì wà. Síbẹ̀, ẹni tó bá wá "sɛn" lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá kò ní rí i.

Ibi tóóró tí ohùn kò lè gbà kọjá

Iṣẹ́ rédíò fúnra rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ kan tó korò. ADIF tí a yìn pé kì í kú, ọ̀rọ̀ lásán tó wà nínú ẹ̀dà rẹ̀ tó wọ́pọ̀ jù lọ kò gba ju lẹ́tà èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ. Ṣadé á di Sade nínú àkọsílẹ̀. Ohun náà gan-an tó jẹ́ kí ìlànà yìí rọrùn fún gbogbo ẹ̀rọ ni kò jẹ́ kó ní àyè fún wa.

Ọ̀nà ìbánisọ̀rọ̀ FT8 tún mú un le sí i. Ọ̀jọ̀gbọ́n Joe Taylor, tó wà lára àwọn tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ fisíìsì ní ọdún 1993, àti Steve Franke ló gbé e jáde ní ọdún 2017. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ọ̀rọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ní ìṣẹ́jú-àáyá 15, 15, nítorí náà kọ̀ǹpútà tí aago rẹ̀ kò bá ti àgbáyé mu kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ohùn tí etí kò lè gbọ́ nínú ariwo ni FT8 lè gbé láti Kumasi dé Japan. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àmì 13 péré ló lè lò, inú àmì 42 ló sì ti máa ṣà wọ́n: A dé Z, 0 dé 9, àlàfo àti àmì mélòó kan. Kò sí ẹ, kò sí ɔ, kò sí àmì ohùn.

Bí a bá gba "MO WA NI OKO" láti orí afẹ́fẹ́, àmì 12 ni, ó sì gba ibi tóóró náà kọjá. Ṣé "mo wà ní oko" ni, tàbí "mo wá ní ọkọ"? Àbí "mo wá ní ọkọ̀" tàbí "mo wá ní ọkọ́"? Àgbẹ̀, ìyàwó, onímọ́tò àti ẹni tó ra irinṣẹ́ di ẹni kan náà. Bí ẹni náà bá gbé ẹ̀rọ sẹ́nu sọ ọ́, tàbí kí onílù fi dùndún lù ú, ohùn á fi ìyàtọ̀ púpọ̀ hàn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìlù tí kò ní lẹ́tà kankan gbé ohun tí kọ̀ǹpútà tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀ kò gbé. Èyí kì í ṣe ẹ̀bi FT8, tí wọ́n ṣe fún ariwo tó pọ̀ àti agbára tó kéré. Ó kàn ń rán wa létí pé ibi tí wọ́n bá ti ń pinnu iye lẹ́tà tí ẹ̀rọ yóò gbà, ẹni tí kò sí níbẹ̀ ni lẹ́tà rẹ̀ yóò bọ́ sílẹ̀.

Ohun tí olùkọ́ èdè lè ṣe

Lákọ̀ọ́kọ́, kí olùkọ́ yí gbogbo fáìlì àtijọ́ padà sí Unicode nígbà tí kọ̀ǹpútà tó ní fọ́ǹtì náà ṣì ń ṣiṣẹ́. Kó tẹ ẹ̀dà kan sórí bébà, nítorí ẹni tó bá ní bébà lọ́wọ́ lè fi ojú rí lẹ́tà tó yẹ kó wà níbi tí àdììtú wà. Kó pa fáìlì fọ́ǹtì náà mọ́ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ tí a fi kọ, kí kọ́kọ́rọ́ àti àpótí má ṣe yara wọn.

Lẹ́ẹ̀kejì, kó mọ̀ pé pátákó ìtẹ̀wé kò wọ́n mọ́. Láti ìgbà Windows 7, ní ọdún 2009, ni Microsoft ti fi ti Yorùbá, Hausa àti Igbo sínú ètò rẹ̀. Linux ní ti Akan lábẹ́ Gánà àti ti Yorùbá lábẹ́ Nàìjíríà. Keyman, tó ti di ọ̀fẹ́ láti ọdún 2017, gba ọ̀pọ̀ èdè Áfíríkà. Kó kọ èyí tó ń lò sínú ìwé, gẹ́gẹ́ bí oníṣẹ́ rédíò ṣe ń kọ ìwọ̀n ohùn tirẹ̀, nítorí pé ìfọ̀mọ́ á gbé e lọ, ó sì gbọ́dọ̀ wà lára ohun àkọ́kọ́ tí yóò padà wọlé.

Lẹ́ẹ̀kẹta, kó mú ìfọ̀mọ́ wọ kíláàsì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ èdè. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi Yorùbá, Hausa tàbí Igbo sọ bí a ṣe ń fọ kọ̀ǹpútà mọ́, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nínú Yorùbá, wọn yóò rí i pé ọ̀rọ̀-ìṣe ẹlà kún ibẹ̀. À ń pa fáìlì rẹ́, à sì ń pa fáìlì mọ́: "pa" kan náà ló bẹ̀rẹ̀ méjèèjì, àmọ́ ọ̀kan ń ba nǹkan jẹ́, èkejì ń tọ́jú rẹ̀. Wọn yóò rí "kó jáde", "gbé wọlé", "tún tò". Kí olùkọ́ jẹ́ kí wọ́n jiyàn lórí ohun tí a ó pe fọ́ǹtì tàbí ẹ̀dà ìpamọ́. Dumsɔ fi hàn pé ọ̀rọ̀ tí aráàlú bá nílò kì í ṣòro bí.

Àìsí kọ̀ǹpútà kò tó láti dí iṣẹ́ yìí lọ́wọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 2018, Richard Appiah Akoto, olùkọ́ ní Betenase M/A Junior High School ní Sekyedumase, ní ẹkùn Ashanti tí Kumasi jẹ́ olú ìlú rẹ̀, fi ẹfun aláwọ̀ ya ojú Microsoft Word sórí pátákó dúdú, nítorí pé ilé ẹ̀kọ́ náà kò ní kọ̀ǹpútà, àwọn ọmọ sì gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò lórí rẹ̀. Àwòrán náà tàn káyé. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e ó wà ní Singapore níbi àpérò àwọn olùkọ́ tí Microsoft pè é sí. Bí wọ́n bá nu pátákó yẹn lójoojúmọ́, kò sí ohun tó sọnù, nítorí pé olùkọ́ náà lè tún un yà, àwọn ọmọ sì ti dà á kọ sínú ìwé. Ohun tó wà ní ibi púpọ̀, ní ọ̀nà tí gbogbo ènìyàn lè kà, ìnunù kan kò lè pa á rẹ́.

Àgbálọgbábọ̀

Oníṣẹ́ rédíò ní Kumasi kò bẹ̀rù ìfọ̀mọ́, nítorí pé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà ní ìlànà tí ètò gbogbo lè kà, ẹ̀dà rẹ̀ wà níta, ó sì ti ṣí ẹ̀dà náà wò. Ibi tí lẹ́tà àti ohùn èdè wa wà ni tirẹ̀ kù sí. Níbẹ̀ sì ni iṣẹ́ olùkọ́ èdè ti bẹ̀rẹ̀. Kí àwọn ẹgbẹ́ olùkọ́ èdè abínibí jókòó pẹ̀lú àwọn tó ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà, kí wọ́n béèrè àyè fún lẹ́tà wa níbi tí ìlànà ti ń jáde. Kí ẹ̀ka èdè kọ̀ọ̀kan ní ilé ẹ̀kọ́ wa sì yan ọjọ́ kan láàárín sáà tí gbogbo olùkọ́ yóò mú fílááṣì wá, tí olúkúlùkù yóò ṣí iṣẹ́ rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Èyí tó bá ṣí tó sì ṣeé kà, ó ti là. Èyí tí kò bá ṣeé kà, ọjọ́ náà ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ, nígbà tí ẹni tó kọ ọ́ ṣì wà láyé láti sọ ohun tó wà níbẹ̀.